Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Àlejò Nílé Bàbá Bàbá Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ dàgbà tí gbogbo eyín mi ká: ọjọ́ tí mo lọ sí Ọ̀kà láti lọ gba ìwé tó ń jẹ́rìí pé ọmọ ìlú ni mí, tí àwọn ará ilé wa sì ní kí n máa gúnyán bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó.

Kí n tó máa bá a lọ, ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ níwájú mi, mo máa ń fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn kí n tó gbà á. Bí wọ́n bá ní òjò rọ̀ lánàá, mo lè béèrè pé níbo ló rọ̀ dé. Gbólóhùn kan sì wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo gbólóhùn lọ, tí mo rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní nǹkan báyìí ná." Nítorí gbólóhùn yìí ni Hàwáù ṣe sọ mí ní Lọ́yà. Kì í ṣe oríkì. Èébú ni.

Ilé Hàwáù kọjú sí tiwa ní Ìkàrẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ilé ìwé kan náà la lọ, a jọ ṣe ìdánwò, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ wa sì gba àwa méjèèjì wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ibi owó ilé ìwé ni ọ̀nà wa ti yà. Bàbá Hàwáù ti ń ránṣọ ní Ìkàrẹ́ kí wọ́n tó bí wa, ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti bí bàbá náà wà ní ìpínlẹ̀ Kogí, lódìkejì ààlà. Ọ̀kadà lè gbé ènìyàn débẹ̀ kí ó sì padà kí àgbàdo tó jinná lórí iná. Nítorí ààlà yẹn, àlejò ni Hàwáù lójú ilé ẹ̀kọ́, owó tí àlejò ń san sì ju ti ọmọ onílùú lọ gan-an.

Ọ̀rẹ́ gidi ìbá bá a kẹ́dùn. Èmi ṣe àlàyé fún un.

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, bàbá rẹ̀ ń tẹ maṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ní ilé ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n àpò ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ti ìpínlẹ̀, àpò yẹn náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Mo ní àwọn bàbá wa àti àwọn bàbá bàbá wa tó san owó orí ní ìpínlẹ̀ yìí ti san díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó ilé ìwé wa kí wọ́n tó bí wa. Ẹni tí àwọn tirẹ̀ kò bá wọn dá sí i, ṣé kò yẹ kó san èyí tó kù? Mo ní ẹni tó bá wọn gbẹ́ kànga ló ń kọ́kọ́ pọnmi. Mo gbádùn kànga yẹn débi pé mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Lọ́yà," ni Hàwáù wí, "bàbá mi ti ń san owó orí ní Ìkàrẹ́ yìí nígbà tí bàbá tìẹ ṣì ń kọ́ mọ́tò wíwà. Kànga wo ni wọn ò bá yín gbẹ́?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní gbígbẹ́ ná."

Bàbá rẹ̀ kò gbójú sókè lára aṣọ tó ń rán. "Hàwáù, bu omi fún un kó mu. Ọ̀fun oníkànga ti gbẹ."

Mo mu omi náà, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tó jàre. N kò mọ̀ pé èmi náà kò tíì di oníkànga. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí gbogbo ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìpínlẹ̀ mú ìwé wá láti káńsù ìlú bàbá rẹ̀. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ìkàrẹ́ ni ìyá mi, ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni bàbá mi. Káńsù Ọ̀kà kò sì ní í fún ènìyàn ní ìwé láìjẹ́ pé olórí ẹbí rẹ̀ kọ lẹ́tà, tí ó tẹ àtàǹpàkò sí i, pé lóòótọ́ ni, ọmọ wa ni. Ọjọ́ Ajé ni a gbọ́dọ̀ fi ìwé náà sílẹ̀, a sì ti wà ní Ọjọ́rú.

Awakọ̀ àjàgbé ni bàbá mi. Òkè Ọya ni wọ́n wà nígbà tí mo pè wọ́n.

"Owó àlejò kọ́ ni mo ní lọ́wọ́ o," ni wọ́n wí. "Bí o kò bá rí ìwé yẹn gbà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Wàá máa bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ po sìmẹ́ńtì títí di ìgbà náà."

Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣí ìwé ni.

"Lọ bá Bàbá Àgbà, olórí ẹbí wa, ní Ọ̀kà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti pè wọ́n pé ọmọ mi ń bọ̀. Ilé wọn ò ṣòro, ilé tó wà lábẹ́ àpáta ni."

Ẹni tó bá ti dé Ọ̀kà rí, níbi tí àpáta ti yí gbogbo ilé ká, yóò mọ̀ pé èyí dà bí kí wọ́n ní kí o wá ẹja kan lódò, èyí tó lómi lára. Láti ìgbà tí ìyá mi ti pọ̀n mí débẹ̀, n kò tún débẹ̀ mọ́. Yorùbá inú ìwé ni mo ń sọ, pẹ̀lú ohùn Ìkàrẹ́ díẹ̀ tí mo fi pamọ́ fún ìjà; ohùn Ọ̀kà kò sí lẹ́nu mi rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bẹ Hàwáù. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà Ọ̀kà, Hàwáù sì ti ń bá a lọ láti kékeré, bó bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ wọn ni wọ́n máa ń rò pé ó jẹ́.

"Mo máa sìn ọ́ lọ," ni ó wí. "Mo fẹ́ fojú mi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ onílùú."

Ní gáréèjì, ó gbé àpò aṣọ kan tí ó fẹ́ fi jíṣẹ́ fún oníbàárà ìyá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Gbé e. Àlejò kì í ru ẹrù nígbà tí onílé ń bẹ." Mo gbé àpò kọ́ èjìká.

A béèrè ilé abẹ́ àpáta ní ojúlé mẹ́ta kí obìnrin aláta kan tó júwe èyí tó tọ́ fún Hàwáù. Oòrùn ti ga nígbà tí a débẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níta. Mo rí pèpéle kan tí wọ́n fi táìlì ṣe níwájú ilé, tí wọ́n sá kòkó sí apá kan rẹ̀, mo sì jókòó.

Hàwáù dúró. Ó ranjú mọ́ mi. "Lọ́yà, dìde."

"Nítorí kí ni? Ó tutù dáadáa."

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde. "Ta ló jókòó lórí Àkàndé?"

Àkàndé ni bàbá bàbá mi. Mo fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ, mo sì da kòkó nù. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó. Ṣé ènìyàn lè dìde lórí sàréè bàbá bàbá rẹ̀ kó tún sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé ọmọ ọmọ rẹ̀ lòun? Mo ń wá bí mo ṣe máa tò ó nígbà tí Hàwáù kúnlẹ̀ tí ó sì kí bàbá náà ní ohùn Ọ̀kà, ìkíni gígùn, èyí tó béèrè oko, tó béèrè ẹsẹ̀, tó béèrè gbogbo ará ilé.

Ojú Bàbá Àgbà tàn. "Ẹ̀hẹ̀n! Ọmọ Délé ti dé!" Délé ni bàbá mi.

"Bàbá, èmi kọ́ o, òun ni..."

Ìyá Àgbà, àbúrò Àkàndé, ti sáré jáde. Wọ́n fa Hàwáù mọ́ àyà, ìyókù ọ̀rọ̀ náà sì parí sínú ìró. "Ọmọ mi! Wò ó, imú Délé!"

Mo wo imú Hàwáù. Imú télọ̀ Kogí ni.

Bàbá Àgbà wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ọmọkùnrin? Níbo lo ti wá?"

Ọmọ ọdún mẹ́ta ìbá dáhùn ìbéèrè yìí. Èmi ní, "Ìkàrẹ́ ni mo ti wá láàárọ̀ yìí, sà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orírun mi lẹ ń béèrè..."

"Ìkàrẹ́! Mo mọ̀. Ẹni tí yóò jókòó lórí òkú olókùú, Ìkàrẹ́ ni yóò ti wá."

Ìyá Àgbà ń wo àpò tó wà léjìká mi. "Ẹrù ọmọ wa ló ń bá a rù yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ò rí i? Àfẹ́sọ́nà ni."

Mo ní rárá. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ní ìdí mẹ́ta. Ìdí kìíní ni mo wà tí Ìyá Àgbà fi gbé ọmọ odó lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní iṣu ti jinná, ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ Ọ̀kà gbọ́dọ̀ mọ iyán gún, kì í ṣe ẹnu. Ọmọ odó náà ga tó mi. Mo gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀, iṣu kan ta jáde kúrò nínú odó, ó bá àkùkọ kan lórí. Àkùkọ náà wò mí bí ẹni pé òun náà mọ̀ pé n kì í ṣe ará ibẹ̀.

Mo ń gún, mo ń pe bàbá mi lórí fóònù. Ohùn obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn pé n kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Hàwáù jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún gbìyànjú láti sọ òótọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní ojú ló ń tì í nítorí ọkọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ síwájú rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹran. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi pé bí òun bá jẹun tán, òun á sọ ọ́.

Ọmọ Bàbá Àgbà kan tó jẹ́ tíṣà mú bírò àti ìwé jáde láti kọ lẹ́tà. Mo gbọ́ wọn láti ibi odó.

"Orúkọ?"

"Hàwáù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tíṣà..."

"Délé ti ń kírun?" ni Bàbá Àgbà béèrè.

"Kò burú," ni Ìyá Àgbà wí. "Ìdajì ilé yìí ló ń kírun. Kọ ọ́, jàre."

Tíṣà kọ ọ́. Bàbá Àgbà tẹ àtàǹpàkò sí i, wọ́n fi lẹ́tà náà lé Hàwáù lọ́wọ́, wọ́n sì súre fún un. Mo dáwọ́ iyán dúró. Nísinsìnyí, lórí ìwé, ọmọ Ọ̀kà ni Hàwáù. Ibi tí káńsù wà kò jìnnà. Mo rí i bó ṣe ń ka lẹ́tà náà, tó tún un kà, mo sì mọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀, nítorí òun náà ni ìbá wà lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà wá wọlé ni bàbá rẹ̀ kò ti sùn kó tó di àárín òru, tó ń rán aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Bébà kan ṣoṣo ló máa gbà á sílẹ̀.

Hàwáù gbójú sókè, ó wo iyán tó lẹ̀ mọ́ mi lórí. Ó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lórí ẹní, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, Ìyá, ẹ má bínú. Ẹran yín ló dùn tí mo fi pẹ́. Ọmọ Bàbá Délé kọ́ ni mí. Ìlú bàbá mi wà ní Kogí. Ọmọ yín nìyẹn, ẹni tó ń ba iyán yín jẹ́ yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé Hàwáù kò rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo sáré mú fáìlì mi wá: ìwé ìbí mi, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ bàbá mi, fọ́tò. Mo tò wọ́n kalẹ̀ bí ẹjọ́.

Bàbá Àgbà kò wo ọ̀kankan. "Ìwé ò bímọ. Bó o bá jẹ́ ọmọ ilé yìí, kí ló dé tí o ò mọ ibi tí bàbá bàbá rẹ wà, tí o fìdí lé e? Kí ló dé tí o ò gbọ́ ohùn wa, tí àlejò sì gbọ́ ọ? Ta ló ń rí irú iyán báyìí lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀kà?"

Ìbéèrè mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì tọ́. Mo rí sìmẹ́ńtì lójú ọkàn mi. Mo rí ṣọ́bìrì. Sùúrù mi tán.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ọmọ ilé ná!"

Ṣíbí ọbẹ̀ jábọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. "Kí lo wí?"

Mo rò pé mo ti dáràn. Mo tún un sọ, ní ohùn kékeré.

Ìyá Àgbà kígbe, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹsẹ̀ wọn ò fi gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì jókòó lórí Àkàndé. (Àwọn lè jókòó níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ni.) "Ẹ gbà mí o, Àkàndé ti padà wá jiyàn! Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn, kò yẹ̀! Wọ́n ní kó fẹ́yàwó, ó ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìyàwó ná. Ara rẹ̀ ò yá, wọ́n ní kó lọ sinmi, ó ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìsinmi ná."

Bàbá Àgbà náà ti ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn agbowó-orí ńkọ́? Ọdọọdún ni wọ́n ń wá, ọdọọdún ló ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń pè ní owó orí. Ó rẹ̀ wọ́n. Títí ó fi kú, Àkàndé ò san kọ́bọ̀."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. N kò fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Hàwáù wà.

"Lọ́yà," ni Hàwáù wí jẹ́jẹ́, "kànga ńkọ́?"

Tíṣà kọ lẹ́tà tuntun. A jẹ iyán náà bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà ń yọ kókó inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́ sí Délé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye tí Hàwáù máa san, wọ́n béèrè pé ṣé ìyá rẹ̀ kọ́ ló ń ta aṣọ lọ́jà wọn.

"Òun ni, Bàbá."

"Wọ́n ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Lóṣooṣù."

Bàbá Àgbà mi orí. "Wọn ò bi owó ìsọ̀ níbi tó ti wá rí o."

Mo wá ohun tí mo lè fi ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Mo bu kókó iyán kan mì.

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé èmi, Hàwáù àti àpò aṣọ dé káńsù. Akọ̀wé ti ń ti ilẹ̀kùn láti lọ kírun Jímọ̀. Ó wo lẹ́tà, ó wo àwa méjèèjì. "Èwo ló jẹ́ ọmọ ìlú nínú yín?"

Mo la ẹnu. Hàwáù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Òun ni, sà. Kò lè sọ̀rọ̀, iyán há a lọ́fun."

Báyìí ni mo ṣe gba ìwé mi: àlejò ló jẹ́rìí onílé. Lọ́jọ́ Ajé, èmi dúró sórí ìlà àwọn ọmọ onílùú, Hàwáù wà lórí ìlà kejì, bàbá rẹ̀ sì san owó náà pé. Hàwáù kàn gbé àpò rẹ̀ fún mi láti ìlà tirẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ru àpò yẹn lọ sí kíláàsì, tí mo fi rù ú bọ̀. Bí mo bá ṣàròyé, á ní òun lè ké sí Àkàndé.

Mo ti wọn ọ̀rọ̀ náà títí lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mo ṣì rò pé ìpínlẹ̀ tó ń bọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ ro ti àwọn ọmọ tirẹ̀. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni bí a ṣe ń mọ ọmọ náà. Ìwé tí mo gbà kò wọn owó orí, kò wọn owó ìsọ̀, kò wọn ọdún tí ènìyàn ti lò nílùú. Ibi tí wọ́n sin bàbá bàbá mi sí ló wọ̀n, bẹ́ẹ̀ mo ti jókòó lé e n kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ kejì kéré, ṣùgbọ́n ó wúlò jù: bí wọ́n bá bi ọ́ ní ibi tí o ti wá, sọ orúkọ ìlú kan, kí o sì pa ẹnu dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Hàwáù pè mí. Ó ti fẹ́ rí iṣẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n sì ní kó mú ìwé wá láti ìlú bàbá rẹ̀, ìlú tí kò tíì dé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tí kò sì gbọ́ èdè wọn.

"Lọ́yà, múra. O máa sìn mí lọ. Máa wolẹ̀ kí o tó jókòó."

Inú mi dùn. Mo ti dúró de ọjọ́ yìí pẹ́. "Mo ń bọ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìwọ ni onílé, èmi ni àlejò. Ta ló máa gbé àpò?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín tó ń bọ̀ kó tó dé.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní onílé ná."

Ó ti fi àpò náà ránṣẹ́, ó wà nílẹ̀ yàrá mi báyìí. Mo ti gbé e wò. Ó wúwo.